Ọjọ́ kẹrin, nígbà tí ẹ̀fúùfù dojú kọ wá

Ọjọ́ mẹ́fà la fẹ́ fi gun kẹ̀kẹ́ ológeere rin ọ̀nà 612 kìlómítà. Àwa mẹ́tàlélógún la jọ gbéra, owó ìtọ́jú la sì ń wá fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí òbí wọn ò rówó ra oògùn déédéé. Kí á tó gbéra, oníkálukú wa ti lọ bá ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá iye tí agbára wọn bá ká lé kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí òun bá gùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kẹrin. Lójú tèmi, kìlómítà tí mi ò bá gùn, oògùn ọmọ kan ni mo fi ṣòfò.

Àbúrò mi obìnrin ní àrùn yìí. Mo ti pọ̀n ọ́n dé ilé ìwòsàn lóru nígbà tó ṣì kéré, mo ti jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tèmi rí roboto, ó rọ̀, ó máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Tirẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ó máa ń gan, kì í sì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bí wọ́n bá há sínú àwọn iṣan tóóró, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè kọjá mọ́, ìrora á sì dé. Òtútù lè fà á. Òǹgbẹ lè fà á. Kí èèyàn ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀ náà lè fà á. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tó ń dáwó, ó ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Síbẹ̀, ẹnu mi nìkan ló wà, kò tíì dé inú ara mi.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ rọrùn: 97 kìlómítà, 104, 88. Oòrùn ò mú, ọ̀nà dán, ẹsẹ̀ mi ń yí bí ẹni tí wọ́n fi òróró sí oríkèé rẹ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ti ń rò ó nínú ara mi pé agbára tèmi ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ọjọ́ kẹrin ló gùn jù nínú gbogbo rẹ̀, 126 kìlómítà. Mo pẹ́ jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń wá ìbọ̀wọ́ mi kiri nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun. Búrẹ́dì bíbẹ́ méjì àti tíì ife kan ni mo rí jẹ. Mo ní màá jẹun dáadáa tá a bá dé ọ̀nà.

A ò tíì rin kìlómítà mẹ́wàá tí ẹ̀fúùfù fi dé. Kò fẹ́ láti ẹ̀yìn, kò fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ojú gan-an ló ń fẹ́ sí wa, kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn tí kò gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn rí máa ń bi mí léèrè òkè, wọ́n rò pé òun ló le jù. Òkè ní téńté. Téèyàn bá débẹ̀, ó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀fúùfù ò ní téńté. Ìṣirò rẹ̀ sì burú: bí o bá fẹ́ kí eré rẹ di ìlọ́po méjì, agbára tó o máa fi la afẹ́fẹ́ kọjá á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń tò tẹ̀lé ara wa. Ẹni tó wà níwájú ló ń la afẹ́fẹ́ fún àwọn tó kù. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, tí táyà rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiẹ̀, á rí i pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ òun dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ọ́. Ariwo afẹ́fẹ́ létí rẹ pàápàá á rọlẹ̀.

Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń darí wa. Òfin rẹ̀ lọ́jọ́ ẹ̀fúùfù ni pé kí ẹnikẹ́ni má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ níwájú. Tó o bá lò ó tán, o ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ó rọra fà sẹ́yìn títí ìlà náà á fi kọjá rẹ, o ó wá bọ́ sí ìdí. Nígbà tó kàn mí, mo lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo lo márùn-ún, mo lo mẹ́jọ.

"Ó tó, bọ́ sẹ́yìn," ni Bàbá pariwo.

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, mo ṣì lágbára."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o lágbára. Mo ní kó o bọ́ sẹ́yìn."

Mo bọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún kàn mí, Bàbá wà lápá ìdí, ohùn rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ mi ò kan oúnjẹ tó wà nínú àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù mi. Téèyàn bá wà níwájú, ọwọ́ méjèèjì ló máa ń fẹ́ fi di kẹ̀kẹ́ mú.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tá a ti gun nǹkan bí 50 kìlómítà. Òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ló léwu jù, torí ó máa ń gbé epo tí ọkọ̀ ti ń jò sílẹ̀ wá sójú títì, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń fa ìlà sọ́nà á wá yọ̀ bí ọṣẹ. A dín eré kù. Ní kìlómítà 58, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, fúùù, ìdí kẹ̀kẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Táyà ẹ̀yìn ti jò.

Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé màá lé wọn bá. Bàbá ò gbà kí ẹnikẹ́ni dá wà lẹ́yìn, ó ní kí obìnrin kan dúró tì mí. Nọ́ọ̀sì ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Àǹtí ni mo ń pè é. Kánjúkánjú ni mo fi ṣe é: mo tú táyà, mo fa túúbù jáde, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, mo fún un ní afẹ́fẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ, inú mi sì dùn sí i. Kìlómítà mẹ́rin péré la rìn, ó tún jò.

Àǹtí ní kí n jókòó. Ó tẹ́ túúbù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó jẹ́ kí ẹnu tá a ti ń fún un ní afẹ́fẹ́ wà gẹ́gẹ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ihò ara túúbù lè fi ibi tó yẹ kó wò lára táyà hàn án. Ó wá fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu inú táyà yípo. Kò fi ọwọ́ lásán nù ún, torí ohun tó gún táyà lè ya ìka. Aṣọ náà há. Wáyà kan ni, ó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ, irú èyí tó máa ń tú jáde lára táyà àwọn ọkọ̀ ńlá tó ti bẹ́ sójú ọ̀nà. Ó wà níbẹ̀ látìgbà àkọ́kọ́. Ńṣe ni mo ki túúbù tuntun lé e lórí. Àǹtí fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí mo bá kọ́ ní títún táyà ṣe, ibi aṣọ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Pàápàá lásìkò òjò, torí rọ́bà tó bá tutù rọrùn fún nǹkan ẹnu ṣóńṣó láti gún wọlé.

Nígbà tá a fi gbéra, àwọn yòókù ti lọ jìnnà. Èèyàn méjì péré ni wá nínú ẹ̀fúùfù, òjò sì ń rọ̀. Torí pé èmi ni mo fa ìdádúró yẹn, mo ní èmi ni màá wà níwájú. Àǹtí ní ká máa gbà á lọ́wọ́ ara wa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń múra irú ìrìn báyìí fara balẹ̀ kà. Ṣúgà tí ara ń tọ́jú pa mọ́ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ ò pọ̀, ó máa ń wà ní nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù. Ẹni tó ń fi agbára gun kẹ̀kẹ́, tí kò fi oúnjẹ kún un, lè lò ó tán láàárín wákàtí bíi méjì. Ọ̀rá ṣì wà lára, àmọ́ ọ̀rá kì í yára di agbára bí ẹsẹ̀ ṣe ń béèrè rẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni mo ti fi wà lójú ọ̀nà. Bí ó ṣe dé kò jọ àárẹ̀ rárá. Àárẹ̀ máa ń yọ́ wọlé ni. Èyí dà bí ìgbà tí wọ́n paná. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn tútù bò mí nínú òjò. Inú bí mi sí Àǹtí láìnídìí, inú bí mi sí igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ mi, mo rí 84. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú 126 kí n lè mọ iye tó kù. Mi ò rí i yọ. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nọ́ńbà náà ń yọ́ kúrò lórí mi bí omi.

"Ṣé kò sí?" ni Àǹtí bi mí.

"Kò sí nǹkan kan."

Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Èsì kan náà ni mo fún un.

Níkẹyìn mo dúró lábẹ́ igi kan, mo ní mo fẹ́ tún okùn bàtà mi so. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Àbúrò mi ni.

"Bọ̀dá mi, ẹ ti dé ibo?"

"À ń bọ̀."

"Ohùn yín ti yàtọ̀. Kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Bọ̀dá mi, èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀." Mi ò dáhùn. "Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ni mo sọ fún yín ká tó jáde nílé?"

Mo rántí. "O ní kò sí nǹkan kan."

"Ọjọ́ mélòó ni mo lò nílé ìwòsàn?"

"Mọ́kànlá."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀? Ẹ sọ fún un kí n máa gbọ́."

Mo sọ fún Àǹtí níṣojú fóònù. Mo ní ojú mi ń ṣú, mi ò jẹun, òtútù ń mú mi dé inú egungun, ó sì ti tó wákàtí kan. Omijé ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò lè sọ bóyá àárẹ̀ ló fà á tàbí ìtìjú. Àbúrò mi ní "Ẹ ṣé," ó gé fóònù. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé òtútù, òǹgbẹ àti iṣẹ́ àṣekọjá-agbára tí mo ti fẹnu kà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, òun ni mo wà nínú rẹ̀ yìí. Tèmi á tán lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun. Òun, bó ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀ lójoojúmọ́ láti kékeré nìyẹn: kó mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́, kó wọ ẹ̀wù òtútù kí òtútù tó mú un, kó sọ̀rọ̀ nígbà tí ìrora ṣì kéré. Mo máa ń pe ìyẹn ní ìbẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ ọ́ sí i lójú rí, ó sì ń dùn mí.

Àǹtí ò kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ wọ́n tán. Ó fún mi ní ìgò omi tó po ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí, ó ní kí n máa mu ún díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tó ti làágùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí tó wá da omi lásán sínú yàà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí ọ̀rọ̀ á fi burú jù bó ṣe wà lọ. Ó fa láílọ́ọ̀nù kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí mi láyà lábẹ́ ẹ̀wù kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Táyà iwájú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tìẹ lẹ́yìn fún odindi wákàtí kan. Ojú rẹ ni mo fi ń ríran. O sì mọ̀ pé ojú náà ń ṣú."

Mi ò rí èsì fún un. Mo ti ń rò ó látàárọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń fìyà jẹ. Bí mo bá kọsẹ̀ wọ ihò, Àǹtí ni ì bá kọ́kọ́ fò kọjá lórí mi ṣubú. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni mo ṣì ń padà sí.

Nígbà tó tó ìṣẹ́jú ogún, mo yọ 84 kúrò nínú 126 láìronú. Méjìlélógójì. Ọwọ́ mi ti dẹ́kun gbígbọ̀n. Àǹtí ti pe Bàbá, mo sì ń retí ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wa láti wá gbé mi. Kì í ṣe ọkọ̀ ló dé. Bàbá àti àwọn mẹ́ta mìíràn ni, lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti padà sẹ́yìn ní kìlómítà méje, ẹ̀fúùfù ló tì wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Kìlómítà méje náà, wọ́n máa tún un gùn nínú ẹ̀fúùfù, torí mi.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Bàbá kàn wo ojú mi dáadáa, ó ní kí n ka nọ́ńbà láti ogún wá sí ookan. Mo kà á. Ó ní, "Wá sáàárín."

Wọ́n fi mí sáàárín, mi ò sì lo ìṣẹ́jú kan níwájú títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá wà níwájú mi gan-an. "Má wo táyà mi," ló ń sọ, "wo èjìká mi, kó o sì máa wo ohun tó wà níwájú rẹ̀." Òótọ́ ni: ẹni tó bá ranjú mọ́ táyà iwájú kì í rí ohun tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá rí ihò, ẹni àkọ́kọ́ á nawọ́ sí i, á pariwo "Ihò!", ọ̀rọ̀ náà á gba ẹnu gbogbo wa dé ìdí. Nígbà tí ọ̀nà yà, tí ẹ̀fúùfù wá ń fẹ́ láti apá òsì, ìlà náà dà gẹ̀gẹ̀rẹ̀ sápá ọ̀tún láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan lè bò sábẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Mo ti wà nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, iwájú ni ojú mi máa ń wà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wo bó ṣe rí láti àárín.

A ò dé. Ní kìlómítà 107, Bàbá gbọ́wọ́ sókè. Òkùnkùn ti ń bolẹ̀, òfin wa sì ni pé a kì í gùn lálẹ́. Ọkọ̀ ti ń dúró dè wá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ní iná lórí kẹ̀kẹ́, kó jẹ́ kí èmi nìkan gun 19 tó kù, owó àwọn ọmọ ni. Ó ní rárá. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi sókè, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń wo kìlómítà tó yẹ kí n gùn bó ṣe ń kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ ọ̀tún mi kú tìpìrì. Fífi àtẹ́lẹwọ́ ti ara lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló máa ń tẹ iṣan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìka méjèèjì náà. Ó padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìka òsì ni mo fi kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó dáwó lé mi lórí. Mo kọ ọ́ pé 107 ni mo gùn lónìí, kì í ṣe 126, kí wọ́n yọ 19 kúrò nínú owó wọn. Mo kọ ìdí rẹ̀ náà, kúlẹ̀kúlẹ̀, títí kan pé mo purọ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Àwọn kan yọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bíi ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá fi kìlómítà tọrọ owó gbọ́dọ̀ ka kìlómítà náà pé. Púpọ̀ nínú wọn ò yọ nǹkan kan. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí nípa oògùn tí a fẹ́ fi owó náà rà. Mo ṣàlàyé hydroxyurea fún un, pé ó máa ń dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, pé ibi tó ti ń bàjẹ́ ni oṣù tí owó bá tán lọ́wọ́ òbí. Ó fi owó oògùn oṣù mélòó kan kún tirẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo jẹun kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ẹ̀fúùfù ṣì wà, kò le tó ti àná. Nígbà tó kàn mí níwájú, mo lo ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ mi wúwo, mo mọ̀ pé mo ṣì lè fi agídí lo méjì sí i. Mo gbọ́wọ́ sókè.

"Bàbá, ó ti rẹ̀ mí."

"Bọ́ sẹ́yìn," ló wí. Àǹtí ti gùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó tó sọ ọ́ tán, ó ti bọ́ síwájú.